Ìgò Bàbá Súlè Lórí Ààtàn Mi

Ẹ fún mi láyè kí n sọ bí aládùúgbò mi ṣe fojú mi rí màbo ní Bantè ìlú wa, àti bí èmi náà ṣe san án fún un. Ẹ má wulẹ̀ sọ pé kí n fi ìjà f'Ọ́lọ́run jà. Mo ti jà á tán, ó sì dùn mọ́ mi!

Ìgbà ìjọba ológun tí wọ́n ń pè ní rẹfolúsọ́n ni, nígbà tí wọ́n ń fi dandan mú wa tún àdúgbò ṣe. Láàárọ̀ Sátidé, delegé, ìyẹn olórí àdúgbò wa, á máa wọlé kan bọ́ sí òmíràn láti wo ẹ̀yìnkùlé. Ilé tó bá dọ̀tí, wọ́n á mú obìnrin ilé náà lọ gbá ọjà lójú gbogbo ayé. Ọkùnrin ilé ńkọ́? Ẹ má bi mí!

Èmi kì í ṣe ọ̀bùn o. Mo ní ààtàn lẹ́yìnkùlé, mo sì mọ ohun tí mò ń dà sí i. Èèpo iṣu, ìgbẹ́ ewúrẹ́, eérú, gbogbo ohun tó lè jẹrà, ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Tó bá ti di ilẹ̀ dúdú, màá kó o sí ìdí ata mi. Agolo àti ọ̀rá kì í débẹ̀. Ṣé ata ń jẹ agolo ni?

Bàbá Súlè, tí ilé wa jọ fara kanra, ń ta kẹrosíìnì àti bátìrì tọ́ọ̀ṣì. Inú ìgò ló ń wọn kẹrosíìnì sí fún àwọn oníbàárà. Nítorí náà, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kún fún ìgò òfìfo, agolo, bátìrì tó ti kú, àti àfọ́kù oríṣiríṣi. Kì í gbálẹ̀ ibẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan, àwọn àna mi fẹ́ wá láti Savalou láti wá tọrọ Àṣàbí ọmọ mi. Mo lọ sóko ní Agoua lọ wa iṣu tí màá fi ṣe wọ́n lálejò, mo sì sùn síbẹ̀. Nígbà tí mo máa fi dé láàárọ̀ Sátidé, delegé ti wà lẹ́yìnkùlé mi. Ẹ wo ààtàn mi! Bàbá Súlè ti kó gbogbo pàǹtí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dà sórí ẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé tirẹ̀ wá ń dán gbinrin.

Mo figbe ta pé tèmi kọ́. Ṣé èmi ló ń ta bátìrì ni?

Bàbá Súlè kọ́wọ́ sẹ́yìn, ó ní: "Ìyá Àṣàbí, ẹ má yọ wá lẹ́nu. Ohun tó bá ti dórí ààtàn, ẹni tó ni ààtàn ló ni ín. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé àwọn baba wa nìyẹn."

Delegé ní òótọ́ ni. Ni wọ́n bá mú mi lọ gbá ọjà.

Ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí mò ń gbálẹ̀ ni mọ́tò àwọn àna mi wá dúró sí. Ìyá ọkọ ọmọ mi bi àwọn èèyàn léèrè ohun tí mo ṣe, wọ́n sì sọ fún un. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó wá fi èdè Mahi sọ fún àbúrò rẹ̀ pé ọmọ ọ̀bùn ò ní dáná fún ọmọ òun. Ó rò pé mi ò gbọ́ Mahi! Wọn ò sọ ẹrù kalẹ̀ tí wọ́n fi padà. Àṣàbí sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ta ló gbé apẹ̀rẹ̀ wọlé wá bá mi, tó ń rẹ́rìn-ín? Bàbá Súlè ni! Àṣé ó ti ní in lọ́kàn pé tí delegé bá ti lọ, òun á padà wá kó ìgò òun. Láìsí ìgò, kò lè ta kẹrosíìnì.

Mo ní: "Ìgò wo? Ohun tó bá ti dórí ààtàn, ẹni tó ni ààtàn ló ni ín. Àbí ẹ̀yin kọ́ lẹ sọ bẹ́ẹ̀, bàbá?"

Ó sáré lọ bá delegé. Delegé rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò lè dá ẹjọ́ kan náà ní ọ̀nà méjì.

Ni mo bá jókòó ti pàǹtí yẹn, mo ń ṣà á. Mo fọ ìgò tó dára, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pín wọn fún àwọn tó ń ta epo pupa. Mo gbé agolo lọ fún ọkùnrin tó ń fi agolo ṣe àtùpà. Bátìrì àti àfọ́kù ìgò ni ò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Wọn kì í jẹrà, oró bátìrì sì ń ba ilẹ̀ jẹ́. Mo kó wọn sínú apẹ̀rẹ̀ kan, mo gbé e sí igun.

Gbogbo ọjọ́ ọjà ni Bàbá Súlè ń rí ìgò rẹ̀ lórí àtẹ ẹlòmíì. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ń yà sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta kẹrosíìnì tí wọ́n ní ìgò. Ẹ̀yin èèyàn mi, oúnjẹ wá ń dùn lẹ́nu mi!

Ó kó àwọn àgbà wá bẹ̀ mí. Mo ní kó kọ́kọ́ lọ sí Savalou, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ fún àwọn àna mi pé òun ló ni ìdọ̀tí yẹn. Tó bá dé, kó wá kó èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú ẹrù rẹ̀. Ó yarí. Nígbà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wá dá páropáro, ó wọ mọ́tò lọ. Wọ́n ní ńṣe ló lóṣòó síwájú ìyá ọkọ tó ń ṣàlàyé. Kò pẹ́ tí àwọn àna mi fi padà wá, wọ́n sì tọrọ ọmọ mi tẹ̀yẹtẹ̀yẹ.

Bàbá Súlè náà gbé apẹ̀rẹ̀ ńlá wá. Mo kí i dáadáa, mo fún un lómi mu. Mo wá gbé èyí tó ṣẹ́ kù jáde fún un: bátìrì tó ti kú àti àfọ́kù ìgò.

Mo ní: "Ẹrù yín rèé, bàbá. Ẹ gbẹ́ kòtò tó jìn fún un o, kó sì jìnnà sí kànga."

Ó gbé e, ó lọ.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé gbogbo pàǹtí kọ́ ló ń lọ síbì kan náà. Ẹ fi èyí tó ń jẹrà fún ilẹ̀, ẹ fi èyí tó ṣì wúlò fún ẹni tó máa lò ó, kí ẹ sì ri èyí tó lóró mọ́lẹ̀ níbi tó jìnnà sí omi. Àti pé ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀!

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti da ìdọ̀tí tirẹ̀ sí yín lẹ́yìnkùlé rí? Ẹ sọ fún mi, pàápàá bí ẹ ṣe gbé e padà fún un.