Ìlà Tó Gùn Kọjá Ojú Fóònù

Àtàǹpàkò Yéwándé bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún. Ó tẹ ojú fóònù Ṣùbòmí, ó fà á wá sí òsì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń fa òwú lára aṣọ. Ọ̀rọ̀ ń bọ̀. Ó gbé ìka, ó dá a padà sí ọ̀tún, ó tún fà á. Ọ̀rọ̀ ṣì ń bọ̀. Ìlà kan ṣoṣo. Kò lópin.

"Ṣùbòmí, ṣé ìlà yìí ń lọ dé Ìlá ni?"

Ṣùbòmí kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ Ìlá ni lóòótọ́. Ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ló gbé e wá sí yunifásítì ní Benin, òun àti Yéwándé sì jọ ń gbé yàrá kan ní Oregbeni. Iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀, ètò tó yẹ kó máa sọ ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ fún ìyá, ló kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni yóò gbé e dé iwájú àwọn olùkọ́. Ó ti gbé ìbéèrè lọ síbi tí àwọn tó ń kọ kóòdù, àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé, ti ń bára wọn sọ̀rọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Ọ̀rọ̀ ìwé ìtọ́ni tó fi ń kọ kóòdù náà àti ọ̀rọ̀ tirẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló rọ́ sínú àpótí tí wọ́n ń fi kóòdù sí. Ó rò pé inú àpótí ni ọ̀rọ̀ iyì ń gbé. Àpótí náà kì í sì í ṣẹ́ ìlà wálẹ̀ bó bá dé etí fóònù.

"Èwo ni ìwé sọ níbí, èwo ni tìẹ?"

"Ó hàn kedere."

"Sí ìwọ tó kọ ọ́."

Yéwándé ló ń ka Bíbélì fún pásítọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ikpoba Hill. Pásítọ̀ á ní, kà á. Yéwándé á kà á. Pásítọ̀ á ní, dúró níbẹ̀. Yéwándé á dákẹ́. Ìgbà náà ni pásítọ̀ á tó sọ tirẹ̀. Ohùn méjèèjì kì í wọnú ara wọn.

"Jẹ́ kí ìwé kọ́kọ́ sọ tiẹ̀," ni Yéwándé wí. "Kó dúró. Kí o tó wá wàásù."

Ṣùbòmí yọ ọ̀rọ̀ ìwé kúrò nínú àpótí. Ó gé èyí tí kò kan ìbéèrè rẹ̀ dànù. Gbólóhùn kan péré ló kù. Ó fi àmì kékeré kan síwájú rẹ̀, àmì > tó rí bí ẹnu ẹyẹ. Ó kọ ibi tó ti mú un. Ó fi àyè sílẹ̀, ó wá béèrè. Kóòdù nìkan ló kù nínú àpótí.

Ó fi ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ìwé sún wọlé díẹ̀, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan dúró tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀rọ̀ náà sì ń ṣẹ́ wálẹ̀ létí fóònù jẹ́jẹ́. Bí ẹni tó rí àga jókòó. Àmì kan ṣoṣo ló ṣe é.

Wọn ò tíì jẹ ẹ̀bà tán tí ìdáhùn fi dé. Ẹnì kan tí wọn ò mọ̀, láti ìlú tí wọn ò lè pe orúkọ rẹ̀. Ẹni náà mú ìbéèrè Ṣùbòmí, ó fi ẹnu ẹyẹ síwájú rẹ̀. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ dúró tì í. Bí ti ìwé gan-an. Abẹ́ rẹ̀ ló dáhùn sí: oṣù ló ṣáájú nínú ọjọ́ tí kóòdù rẹ ń kọ, ọdún ni ìwé fẹ́ kó ṣáájú.

Ṣùbòmí kò tíì dé ibi ìdáhùn. Ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ló ń wò.

"Wọ́n ń ka èmi náà," ló rọra wí.

"Dúró níbẹ̀," ni Yéwándé dáhùn. "Ọbẹ̀ ń tutù."

Ṣùbòmí fi ọdún ṣáájú, ètò náà sì ṣiṣẹ́. Àwọn olùkọ́ gbà á. Ṣùbòmí kì í fi ọ̀rọ̀ ìwé sínú àpótí kóòdù mọ́.