Ẹ̀yìn Ọládépò Kò Gbọdọ̀ Kan Ilẹ̀

Nínú agbo ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí èmi àti ìyàwó ilé kan bá ń jà, tó sì fẹ́ sọ èyí tó máa dùn mí jù, yóò ní, "Ìwọ tó dá ọkọ ẹ." Mo ti gbọ́ ọ títí, etí mi ti di sí i. N kò jiyàn rí. Ṣùgbọ́n mo ti darúgbó báyìí, ọkọ mi sì ti sùn. Bí mo bá gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí ọ̀run láìsọ, ta ni mo gbé e lọ fún?

Ọládépò ni orúkọ ọkọ mi. Ahunṣọ ni. Abẹ́ igi ọ̀dán iwájú ilé wa ni òfì rẹ̀ wà, kò jìnnà sí Ọjà Igbó, ibẹ̀ ló sì máa ń jókòó sí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Iṣẹ́ yẹn a máa fún èèyàn lápá, kì í fún èèyàn lẹ́sẹ̀. Apá ọkọ mi le, àyà rẹ̀ gbòòrò, ṣùgbọ́n ojúgun rẹ̀ méjèèjì rí bí ọ̀pá orógùn. Èmi gan-an máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bí mo bá ń ro ọkà, mo lè pè é pé, "Bàbá Àdùkẹ́, ẹ wá yá mi ní ẹsẹ̀ yín kan, orógùn mi ti ṣẹ́." Òun náà á rẹ́rìn-ín. Àdùkẹ́ ni ọmọ kan ṣoṣo tí a ní nígbà náà, kò tíì máa rìn dáadáa.

Ọdún tí Ọbabìnrin òyìnbó wá kí Nàìjíríà ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ kejì Iléyá, àwọn ọ̀dọ́kùnrin pé jọ sí gbangba ẹ̀yìn ọjà, wọ́n ń ja ìjàkadì. Eré ni, kò sí ẹni tó bínú sí ẹnì kan. Mátíù, tó máa ń kó ẹrù sínú mọ́tò, ti dá èèyàn mẹ́ta, ó wá ń pe ẹni kẹrin. Ọkọ mi bọ́ ẹ̀wù, ó jáde sí i. Mátíù kò tilẹ̀ dì í mú. Ó kàn fi ẹsẹ̀ gbá a lójúgun, ọkọ mi sì fi ẹ̀yìn lulẹ̀ gbì, ẹsẹ̀ méjèèjì lókè, sòkòtò rẹ̀ ya láti ìdí dé orúnkún. Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ikùn mú. Nígbà tó gbójú sókè láti ilẹ̀, èmi ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ bá.

Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, ó wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀yọ́, sí ilé Ògúndélé, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ọ̀yọ́. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá náà, ṣùgbọ́n ìjàkadì ni gbogbo ayé fi mọ̀ wọ́n láti Ọ̀yọ́ títí dé Ìsẹ́yìn. Wọ́n ti dàgbà, wọn kì í jà mọ́, àwọn ọmọ ẹbí nìkan ni wọ́n ń kọ́. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀, ó ní kí wọ́n kọ́ òun. Ó sọ fún mi pé wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ tẹ òun lójúgun bí ẹni ń yẹ ewúrẹ́ wò lọ́jà.

"Apá rẹ dára," ni wọ́n wí. "Ẹsẹ̀ ni kò sí. Mi ò lè kọ́ ẹni tí kò lẹ́sẹ̀. Lọ wá ẹsẹ̀ wá ná."

Wọ́n fún un ní ogójì ọjọ́. Kó máa sáré láàárọ̀ láti ilé dé odò, kó sì sáré padà. Kó máa ru àpò yanrìn gun àpáta tó wà lọ́nà oko wa, lẹ́ẹ̀mẹwàá lójúmọ́. Kó máa lóṣòó, kó máa dìde, títí itan rẹ̀ yóò fi máa gbọ̀n. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni wọ́n wá fún un ní òfin kan: jálẹ̀ ogójì ọjọ́ náà, ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀. Kò gbọdọ̀ kan ẹní, kò gbọdọ̀ kan ibùsùn. Bó bá fẹ́ sùn, kó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ tàbí kó dojú bolẹ̀.

"Ẹ̀yìn ológbò kì í kan ilẹ̀," ni Bàbá Ọ̀yọ́ wí. "Ẹ̀yìn tó bá ti mọ ilẹ̀, ilẹ̀ ni yóò máa wá. Bí tìrẹ bá kan ilẹ̀ kí ogójì ọjọ́ tó pé, má wulẹ̀ padà wá síbí."

Ọkọ mi di òfin yẹn mú bí ẹni di ẹyin mú. Ó ní kí n máa fi ọ̀já Àdùkẹ́ di igi kan tí òun fi ń ká òwú mọ́ òun lẹ́yìn bí òun bá fẹ́ sùn, pé bí òun bá fẹ́ yí sí ẹ̀yìn, igi náà á gún òun jí. Èmi ni mo ń bá a dì í. Ẹnu mi ló rẹ́rìn-ín, ó yẹ kí ọwọ́ mi bá a tún un ṣe. Mò ń se ẹ̀wà fún un, mò ń fi epo gbígbóná wọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ó ń jí kí wọ́n tó pe ìrun àkọ́kọ́, ó ń sáré lọ, èmi a sì jókòó sí ẹnu ọ̀nà títí n ó fi gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọn ará àdúgbò ń bi mí bóyá orí ọkọ mi pé. Mo ní kí wọ́n lọ bi ìyá wọn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo rí i pé ojúgun rẹ̀ ti ń yọ iṣan.

"Àṣàbí, fọwọ́ kàn án," ló wí.

Mo fọwọ́ kàn án. Ó le. Inú mi dùn, kí n má parọ́, inú mi dùn débi pé mo fẹ́ lọ pe Mátíù kó wá wò ó.

Ní ọjọ́ kẹtàlélọ́gbọ̀n, òjò rọ̀ mọ́jú. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má lọ lọ́jọ́ náà, ó ní ọjọ́ kan tí òun bá yọ, ó ti bà jẹ́ nìyẹn. Marufat, aládùúgbò wa tó ń ta igi ìdáná, ló ń bọ̀ láti oko, òun ló rí gbogbo rẹ̀. Ó ní ọkọ mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orí àpáta, àpò yanrìn wà ní èjìká rẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó yọ̀. Ẹ̀yìn ló ń ṣubú lọ. Koríko tútù ló sì wà níbi tó ń ṣubú sí. Bó bá fi ẹ̀yìn balẹ̀ síbẹ̀, bóyá ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ nìkan ni ì bá bó.

"Ṣùgbọ́n Ìyá Àdùkẹ́, mo fi ojú mi rí i," ni Marufat wí. "Ó yí ara ẹ̀ padà. Ó ń ṣubú lọ, ó yí ara ẹ̀ padà, ó wá fi àyà lu òkúta. Àpò yẹn ló tẹ̀ lé e, ó bọ́ lé e níbàdí."

Ilẹ̀kùn la tú tí a fi gbé e dé ilé ìwòsàn, ó dojú bolẹ̀. Dókítà òyìnbó yẹ̀ ẹ́ wò pẹ́. Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Leah, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwa, òun ló túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún wa. Ó ní egungun ọ̀pá ẹ̀yìn ti sán, ṣùgbọ́n iṣan tó wà nínú rẹ̀ kò tíì já, nítorí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń mì. Kí wọ́n tẹ́ ẹ sórí pákó, kó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láìmira, ó ṣeé ṣe kó tún rìn. Bó bá ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún, egungun tó sán yẹn yóò gé iṣan náà, ó sì parí.

Ọkọ mi gbọ́. Ó na ọwọ́, ó di irin ibùsùn mú.

"Ọjọ́ méje péré ló kù," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ méje pé."

Wọ́n fẹ́ yí i, ó jà. Apá ahunṣọ ni apá rẹ̀, kò sí ẹni tó lè já a kúrò lára irin yẹn. Dókítà ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé ìjà yẹn gan-an lè pa á lára, kí àwa ará ilé rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀. Leah fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ìyá Àdùkẹ́, tiyín ló máa gbọ́. Ẹ bá wa dì í lọ́wọ́ mú, ká yí i báyìí. Kì í ṣe lọ́la o."

Mo wo ojú ọkọ mi. Ojú tó fi wò mí láti ilẹ̀ lẹ́yìn ọjà ló tún fi ń wò mí. Mo sọ fún ara mi pé, mo ti fi í rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, n kò ní fi ọwọ́ ara mi dá a. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tí mò ń pè ní Bàbá Ńlé, wá ní, "Ẹni tó gbé òfin kalẹ̀ ló lè gbé e kúrò. Lọ sí Ọ̀yọ́, kí o lọ bẹ Bàbá." Ọ̀rọ̀ náà bá ẹ̀rù tó wà nínú mi mu. Mo pọn Àdùkẹ́, mo lọ. Ẹ bá mi wo wèrè. Ilé ń jó, mo lọ ń tọrọ ààyè kí n tó bu omi.

Nígbà tí mo dé Ọ̀yọ́, Bàbá kò sí nílé, wọ́n wà lóko. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni wọ́n tó dé. Mo kúnlẹ̀ lójú agbo ilé, mo rò ó fún wọn. Ọkọ́ tó wà léjìká wọn já bọ́.

"Ó kọ̀ láti dùbúlẹ̀? Nítorí kí ni?"

"Nítorí òfin yín, Bàbá."

"Òfin wo?" Ohùn wọn ti yí padà. "Ọmọ yìí, òfin wo? Mo fẹ́ kó máa sùn fẹ́ẹ́rẹ́ ni, kó mọ́ ọn lára láti máa ṣọ́ ẹ̀yìn ẹ̀. Gbogbo ẹni tí mo kọ́ ló fẹ̀yìn lélẹ̀ kí ogójì ọjọ́ tó pé. Wọ́n á dé, wọ́n á parọ́ fún mi, èmi náà á ṣe bí ẹni tí kò mọ̀, a ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́." Wọ́n ká ọwọ́ lé orí. "Òun ni àkọ́kọ́ tó máa pa á mọ́. Máa lọ! Máa sáré lọ!"

Mọ́tò Ògbómọ̀ṣọ́ ti tán lọ́jọ́ náà. Àárọ̀ ọjọ́ kẹta ni mo tó rí ọ̀kan wọ̀.

Ọkọ mi ti yí sí ẹ̀gbẹ́ nígbà tí mo wọlé, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára irin. Leah kò bá mi wí. Ó mú abẹ́rẹ́, ó fi gún un ní ìka ẹsẹ̀. Ojú mi ni ọkọ mi ń wò, kò mọ̀ pé ẹnì kan ń gún òun.

N kò tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Apá rẹ̀ ti rẹ̀ báyìí; mo já ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára irin, ìka kan lẹ́yìn ìkejì, mo ki apá bọ abẹ́ èjìká rẹ̀. Leah di ìbàdí mú, nọ́ọ̀sì kejì di ẹsẹ̀ mú, a sì yí i. Ẹ̀yìn rẹ̀ kan pákó. Ó ń wo àjà. Omi jáde lójú rẹ̀, ó ń ṣàn wọ etí rẹ̀.

"Àṣàbí," ló wí, "o dá mi."

Mo la ẹnu. Ọ̀rọ̀ Bàbá Ọ̀yọ́ ti dé orí ahọ́n mi, pé òfin kì í ṣe òfin, pé gbogbo àwọn yòókù ló parọ́, pé òun nìkan ló ṣe òótọ́. Mo wá wo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ẹsẹ̀ tí wọ́n ní kó lọ wá wá, tó sì wá a rí. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo wí. "Èmi ni."

Bàbá Ọ̀yọ́ wá ní ọjọ́ tí ogójì ọjọ́ pé gan-an. Mo pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, mo dì mọ́ ẹsẹ̀ wọn, mo ní, "Bàbá, ẹ má sọ fún un. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹ̀bi mi." Wọ́n fà mí dìde. Lẹ́yìn náà wọ́n wọlé, wọ́n jókòó tì í.

"Mo gbọ́ pé ẹ̀yìn rẹ kan ilẹ̀," ni wọ́n wí. "Mi ò lè kọ́ ọ mọ́."

"Ìyàwó mi ni, Bàbá. Èmi kọ́."

"Mo mọ̀. Ìwọ ṣe tìrẹ."

Mo rí i pé ọkàn ọkọ mi balẹ̀ díẹ̀. Bàbá jáde, wọ́n dúró sí ẹ̀yìn ilé ìwòsàn, wọ́n ń sunkún bí ọmọdé. Wọn kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìjàkadì mọ́ títí wọ́n fi kú.

Ọládépò kò rìn mọ́. Ọwọ́ ahunṣọ ló ń ju ọkọ̀, igi tó ń gbé òwú kọjá, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ló ń tẹ igi méjì tó wà nísàlẹ̀ òfì. Láìsí ẹsẹ̀, òwú kì í yà fún ọkọ̀ láti kọjá. Ọdún kan gbáko ló fi jókòó tó ń wo òfì rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, mo gbé e sórí àga, mo wọ abẹ́ òfì, mo jókòó sílẹ̀, mo fi ọwọ́ di igi méjèèjì mú. Àwọn èèyàn ní obìnrin kì í jókòó sídìí òfì ọkùnrin. Mo ní n kò jókòó sídìí rẹ̀, abẹ́ rẹ̀ ni mo wà. Ọkọ mi á ní "Òsì," èmi á fa òsì, òun á ju ọkọ̀. Á ní "Ọ̀tún," èmi á fa ọ̀tún. Ọdún mẹ́tàdínlógún la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Aṣọ ìgbéyàwó Àdùkẹ́, bẹ́ẹ̀ la ṣe hun ún.

Àwọn tó ń bú mi kò mọ̀ ọ́n bú. Ẹ̀ṣẹ̀ mi kọ́ ni pé mo dá a. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni pé mo kọ́kọ́ lọ sí Ọ̀yọ́.

Ọkọ mi kì í ṣe ènìyàn búburú. À ń jẹun pọ̀, à ń ṣàwàdà. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá ń lọ dáadáa, tí ara tù ú, ọwọ́ rẹ̀ máa ń dúró lójijì. Láti abẹ́ òfì, n kò lè rí ojú rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan ló wà níwájú mi, wọ́n ti padà di ọ̀pá orógùn.

"Ọjọ́ méje péré ló kù, Àṣàbí," yóò wí. "Ká ní o mú sùúrù fún ọjọ́ méje."

"Ẹ má bínú, Bàbá Àdùkẹ́."

"Ó ti tán. Òsì."

Èmi á sì fa òsì.