Màrìwò Ẹnu Ọ̀nà Igbó Wa

Igbó ìdílé wa wà lẹ́yìn Ìgàndò, lápá ìsàlẹ̀ odò. Lọ́dọọdún ni bàbá àgbà, ẹni tó bí bàbá mi, máa ń so màrìwò sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Bó bá ti so ó, ó parí nìyẹn: obìnrin kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́, ọkùnrin kò sì gbọdọ̀ gbé àdá wọ̀ ọ́. Ìdí nìyí tí èmi ọmọbìnrin fi máa ń rìn jìnnà lọ ṣẹ́gi ìdáná, nígbà tí igi gbígbẹ ń jẹrà nítòsí ilé wa. N kò ráhùn. Bàbá àgbà ní àwọn baba ńlá wa ti búra pé igbó yẹn kò ní parun, mo sì gbà á gbọ́ ju ohun tí wọ́n kọ́ mi ní ilé kéú lọ.

Láàárín àwọn ọdún 1980, olùkọ́ jọ́gíráfì wa, ará Èkìtì kan tí kì í rẹ́rìn-ín, ń ṣàlàyé ìdí tí igbó fi ṣì pọ̀ ní àwọn orílẹ̀-èdè kan nílẹ̀ olóoru, bíi Gàbọ́ọ̀nù. Ó ní èèyàn kò pọ̀ níbẹ̀, epo rọ̀bì ń bọ́ wọn, títì kò sì dé inú igbó wọn. Mo nawọ́. Mo ní ní tiwa o, ìbúra ni. Ó bi mí bóyá títì ti dé ibẹ̀, mo ní rárá, ó ní kí n jókòó. Inú bí mi gan-an. Ṣé àlejò ló máa wá kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ ilé bàbá mi ni?

Kò pẹ́ tí katapílà la ọ̀nà dé etí odò. Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni mo gbọ́ ìró ẹ̀rọ agégi láti ilé. Mo rò pé olè ti wọ igbó, mo sáré wá bàbá àgbà lọ. Ẹnu ọ̀nà igbó ni mo bá a, ó jókòó sórí ìtì ìrókò, ó ń júwe igi tó kù fún àwọn agégẹdú.

Mo ní, “Bàbá, ìbúra yín ńkọ́?”

Kò tilẹ̀ tijú. “Ìbúra wo? Nígbà tí kò sí títì, ṣé orí ni ǹ bá fi ru igi jáde ni?”

Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ó dùn mí débi pé n kò lè sunkún.

Nígbà tí lọ́rì tó kó igi náà fẹ́ gbéra, bàbá àgbà tú màrìwò náà, ó so ó mọ́ iwájú ọkọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà dá wọn dúró lọ́nà. Wọ́n kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Lẹ́yìn náà ni mo wọ inú igbó yẹn fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, mo sì ṣa igi ìdáná.