Òkè Bàbá Ìyàwó Mi

Bàbá ìyàwó mi kì í jókòó láìkọ́kọ́ yí àpótí rẹ̀ sí ọ̀nà òkè ìlú wọn. Ayé òyìnbó ni mò ń wí; iṣẹ́ rélùwéè ló gbé e wá sí Ìjoko, lọ́dọ̀ wa ní Ọ̀tà.

Á ní, "Ẹ̀yin ará Ọ̀tà, ilẹ̀ pẹrẹsẹ lẹ ń gbé bí ọ̀pọ̀lọ́. Iṣu tó bá já bọ́ lórí òkè tiwa, kó tó délẹ̀, ó ti di iyán."

Èmi náà á ní, "Bàbá, ọbẹ̀ ńkọ́?"

Abúlé mẹ́ta ló yí òkè náà ká. Bí wọ́n bá ń sin òkú, wọn a kọ ojú rẹ̀ sí ṣóńṣó òkè, kó má baà ṣìnà. Nígbà tí àìsàn dá Bàbá dùbúlẹ̀, ó ní kí n lọ bá òun wo ilẹ̀ sàréè níbẹ̀.

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ. Òyìnbó ti fi ẹ̀tù fọ́ òkè, wọ́n ti kó òkúta rẹ̀ sábẹ́ irin rélùwéè. Kòtò olómi ni mo bá. Abúlé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti tú.

Mo ti parọ́ fún ọlọ́pàá rí, mo ti parọ́ fún ìmáàmù, mo sì tẹjú mọ́ wọn. Nígbà tí mo padà dé ọ̀dọ̀ Bàbá, ilẹ̀ ni mo tẹjú mọ́.

"Ó wà níbẹ̀, Bàbá. Kùrukùru ló bò ó lórí."

"Nínú ọ̀gbẹlẹ̀ yìí, àna mi?"

Bàbá yí ojú kúrò lọ́nà òkè, ó ní, "Ó dáa. Ẹ kọ ojú mi síbi tó bá wù yín."