Páálí Iwájú Ọ́ìlì Kúlà

Iná pupa tó ní àwòrán agolo ọ́ìlì ló tàn níwájú mi. A wà lórí ìlà níbi tí àwọn sójà ti ń yẹ ọkọ̀ wò lójú ọ̀nà Dalori, oòrùn ń ta, a ò sì rìn ju ìwọ̀n ìgbésẹ̀ mẹ́wàá lọ láti ìdajì wákàtí. Ìyàwó mi, tó ń kọ́ àwọn ọmọ tí ogun lé kúrò nílé ní Dalori, wo iná náà, ó wò mí.

"Bàbá Tólú, ẹ̀ẹ̀kẹta rèé lóṣù yìí. Bó bá tún ṣẹlẹ̀, màá fiṣẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n wá ẹlòmíì. Àwọn ọmọ yẹn ti dúró de èèyàn tó láyé wọn."

Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ìròyìn, mẹ́sàn-án nínú rẹ̀ ní Maiduguri. Mo ti bi àwọn ọ̀gá ńlá ní ohun tí wọn ò fẹ́ dáhùn. Síbẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo tí mi ò bi mẹkáníìkì ló kù díẹ̀ kó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó mi.

Bàbá Sàlíù ni mẹkáníìkì náà. Ọmọ Ọ̀ffà ni àwọn òbí rẹ̀, àdúgbò Hausari ní Maiduguri níbí ni wọ́n bí i sí. Bó bá ń bínú, Hausa ló fi ń bínú. Ó fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ, ó fi ìka méjì ra ọ́ìlì náà.

"Wò ó, ó ti ṣàn bí omi. Ọ́ìlì tó bá gbóná jù kì í dì mọ́ irin mọ́, irin á wá máa jẹ irin. Ọ́ìlì kúlà lo nílò, Akọ̀ròyìn."

"Kí ni ìyẹn, Bàbá?"

"Rédíétọ̀ kékeré ni. Ọ́ìlì ló ń gba inú tirẹ̀ kọjá, kì í ṣe omi."

Ó tú fílítà ọ́ìlì, ó ki irin pẹlẹbẹ kan sáàárín òun àti ẹ́ńjìnì. Irin náà ní ihò méjì: ọ́ìlì gbígbóná ń gba ọ̀kan jáde, èyí tó ti tutù ń gba èkejì padà. Ó fa rọ́bà líle méjì láti ibẹ̀ dé iwájú ọkọ̀, ó sì de kúlà náà síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń kọ́kọ́ wọlé. Gbogbo ibi tí rọ́bà ti kan irin ló fi àkísà wé.

"Má fojú di àkísà o," ó ní. "Bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n, irin á gé rọ́bà bí ọ̀bẹ."

Ó bu ọ́ìlì kún un, torí kúlà náà ń mu tirẹ̀, ó sì fi géèjì kan tó ń fi ìgbóná ọ́ìlì hàn síwájú mi. "Abẹ́rẹ́ yìí ni kó o máa wò. Àárín ni kó máa wà."

Àárín náà ló wà fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ìyàwó mi ò wo iná mọ́. Ìwé àwọn ọmọ ló ń máàkì bí a bá wà lórí ìlà.

Nígbà tó yá, ọyẹ́ dé. Láàárọ̀, abẹ́rẹ́ ò kúrò nísàlẹ̀ rárá. Mo sáré lọ bá Bàbá, ó rẹ́rìn-ín.

"Òtútù ń mú ọ́ìlì ẹ. Bó bá tutù jù, á ki bí ẹ̀kọ, kò ní tètè dókè ẹ́ńjìnì. Fi páálí bo ààbọ̀ kúlà náà."

Mo gé páálí ṣọ́ọ̀kì ìyàwó mi, mo ṣẹ́ ẹ po sí méjì, mo fi wáyà so ó. Mo dúpẹ́, mo lọ. Mi ò béèrè pé, "Títí dìgbà wo?"

Ọyẹ́ lọ. Ooru Maiduguri kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Lọ́jọ́ ìdánwò àkọ́kọ́ tí àwọn ọmọ náà máa ṣe, níbi tí àwọn sójà wà yẹn kan náà, abẹ́rẹ́ gbéra, ó kọjá àárín, iná pupa tàn. Mo pa ẹ́ńjìnì. Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé ìdánwò orí ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú báàgì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn bà mí lẹ́rù ju iná lọ.

Mo pe Bàbá lórí fóònù. "Bàbá, kúlà yín ti kú!"

"Wallahi, kò kú. Páálí ńkọ́?"

Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wáyà ti tú, páálí tí mo ṣẹ́ po ti ṣí sílẹ̀, ó ti bo kúlà látòkè délẹ̀. Mo fà á yọ, mo gbé e sókè. Sójà kan ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Oga, na carton you dey carry since?" Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín títí ó fi di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú.

"Akọ̀ròyìn!" ó ní. "Ẹ mọ gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ l'Ábújá, ẹ ò mọ ohun tó wà níwájú ọkọ̀ yín!"

A dúró kí ẹ́ńjìnì tutù. Nígbà tí a ó fi dé Dalori, ìdánwò ti pẹ́ ní wákàtí kan. Àwọn ọmọ náà jókòó sábẹ́ igi, pẹ́ńsùlù lọ́wọ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lọ.

Nírọ̀lẹ́, mo lọ bẹ Bàbá Sàlíù. Ó mi orí. "Ẹ̀bi tèmi náà ni. Mo ní kó o bò ó, mi ò sọ ìgbà tí wàá ṣí i."

Ojú Bàbá ò rí bóòtì kékeré tí wọ́n fi ń de ẹ́ńjìnì mọ́ báyìí. Ó ti fiṣẹ́ sílẹ̀, ó ti padà sí Ọ̀ffà, ìlú àwọn òbí rẹ̀. Ẹni tó máa ń kí èèyàn títí tí ẹni tó ń kí á fi jókòó ni, ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, á pè mí, kò sì ní kọ́kọ́ kí mi.

"Akọ̀ròyìn, páálí ńkọ́?"

"Mo ti yọ ọ́, Bàbá."

"Tíṣà, ìyàwó ẹ, ńkọ́?"

"Ó ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ ní Dalori."

Á mí kanlẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó máa bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi.