Àpò Kámẹ́rà Ọkọ Mi Lórí Òkè Yìnyín

Ọkọ mi ló ń ya fọ́tò, èmi ni mo ń bá a ru ẹrù. Láàárín ọ̀sẹ̀, ó ń wa takisí ní Woolwich nílùú ọba níbí, èmi ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Thamesmead níbi tí à ń gbé. Tó bá di ọjọ́ Àìkú, á ya fọ́tò ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Lọ́dún kan, òjò dídì bo Shooters Hill, ó sì lọ ya àwọn tó jókòó sórí pákó tí wọ́n ń yọ̀ wálẹ̀ láti orí òkè. Obìnrin kan lára wọn rí fọ́tò náà. Ó ní ẹgbẹ́ àwọn máa ń lọ fi síkì, pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń so mọ́ ẹsẹ̀, sáré lórí yìnyín ní Scotland, ṣé ọkọ mi lè bá wọn wá. Láti ìgbà náà, gbogbo ìgbà òtútù la máa ń lọ.

Àpò náà wúwo ju ọmọ ọdún méjì lọ. Ó fi ìró àǹkárá mi kan tó ti gbó tẹ́ inú rẹ̀, kí àwọn lẹ́ńsì má baà máa kan ara wọn. Bátìrì kì í gbé inú àpò ní tirẹ̀, nítorí òtútù máa ń fa agbára rẹ̀ gbẹ. Inú kóòtù mi ló ń wà, nínú ìbọ̀sẹ̀, lẹ́bàá àyà mi. Bí èyí tó wà nínú kámẹ́rà bá ti kú, á na ọwọ́ sẹ́yìn láìwojú mi, màá sì fi èyí tó móoru sí i lọ́wọ́. Bí a bá fẹ́ wọlé lọ mu tíì, á kọ́kọ́ fi náílọ́nù di kámẹ́rà pinpin, kí ooru ilé má baà jẹ́ kí omi sẹ̀ sí i lára. A ó jẹun tán, kò ní tíì tú u.

"Daddy, ẹ jẹ́ ká wo fọ́tò yẹn."

"Sùúrù, Mummy. Kò tíì móoru."

Lọ́dún tí a lọ kẹ́yìn, afẹ́fẹ́ le lórí òkè. Eré ti ń parí lọ, ó fẹ́ sún mọ́ ibi tí àwọn eléré ti ń yí kọ́nà. Mo ní, "Daddy, ibẹ̀ ń yọ̀ o." Ó ní òun rí i. Kò tíì rìn jìnnà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi yẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣubú máa ń na ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀. Ọkọ mi kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì gbá kámẹ́rà mọ́ àyà, ó sì fi ọ̀tún nìkan gba gbogbo ara rẹ̀ dúró. Mo gbọ́ ìró bí egungun ọwọ́ rẹ̀ ṣe dá níbi tí mo wà, tòun ti afẹ́fẹ́ yẹn.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ní, "Bá mi wo lẹ́ńsì náà. Ṣé kò fọ́?"

Kò fọ́. Mo nù ún, mo dì í sínú náílọ́nù, kí n tó wo ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ tó ti kọjú síbi tí kò yẹ.

Wọ́n fi irin sí i. Egungun náà jinná, ṣùgbọ́n àwọn ìka kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Kò lè tẹ bọ́tìnnì, kò lè yí lẹ́ńsì. Ó ṣì lè wa ọkọ̀, nítorí náà àwọn èèyàn ní ká dúpẹ́, a sì dúpẹ́. Àmọ́ ẹ̀yìn pátápátá ló ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí kò ti ní rí ẹni tó ń ya fọ́tò báyìí. Tó bá di Sátidé, á kó gbogbo ẹrù náà sórí bẹ́ẹ̀dì, á fi ọwọ́ òsì nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, á tún kó wọn padà. N kì í lè dúró wò ó. Ilé ìdáná ni mo máa ń lọ.

Òjò dídì tún bo Shooters Hill. Mo gbé àpò kọ́ èjìká, mo ní, "Daddy, ẹ jẹ́ ká gun òkè. Èmi á máa tẹ kámẹ́rà, kí ẹ máa sọ ìgbà tó yẹ fún mi." Ó bá mi lọ. "Dúró. Dúró. Tẹ̀ ẹ́ báyìí." Gbogbo ìgbà tí mo bá tẹ̀ ẹ́, ẹni tó ń yọ̀ bọ̀ á ti kọjá. Kò bínú. Ó kàn ní, "Ọwọ́ rẹ ti tutù. Jẹ́ ká máa lọ."

Òun fúnra rẹ̀ ló ní ká gbé àpò náà lọ tà lọ́jà ní Woolwich. Ọkùnrin tó ń ra kámẹ́rà àlòkù yọ lẹ́ńsì ńlá náà, ó gbé e ka orí gíláàsì káńtà lásán, ó dún kà. Ọkọ mi tú síkáàfù ọrùn rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ lẹ́ńsì náà. Bí ọkùnrin náà ṣe ń yẹ ẹrù wò, òpópónà Powis Street níta lọkọ mi ń wò.

A gbowó, a sì ti fẹ́ dé Thamesmead kí n tó rí i nínú bọ́ọ̀sì pé ọrùn rẹ̀ ṣófo.

"Daddy, síkáàfù yín. Ẹ jẹ́ ká padà."

"Jẹ́ kó wà níbẹ̀," ó ní, ó sì fi ọwọ́ òsì fa kọ́là kóòtù rẹ̀ sókè.