Ọmọ Mi àti Pápá Ẹ̀yìnkùlé

Edjeba la kọ́kọ́ gbé nígbà tí iṣẹ́ epo gbé ọkọ mi wá sí Warri láti Èkó. Ilẹ̀ kan tí wọn ò tíì kọ́ nǹkan kan sí wà lẹ́yìn ilé wa. Koríko ló kún ibẹ̀, pẹ̀lú igi máńgòrò kan. Ọmọbìnrin wa kì í kúrò níbẹ̀. Á lóṣòó, á máa wo èèrà títí oúnjẹ rẹ̀ á fi tutù. Inú a máa bí mi, mo rò pé ó ń fàkókò ṣòfò ni.

Nígbà tó yá, onílé fẹ́ lo ilé rẹ̀, la bá kó lọ sí Okumagba Layout, ní Warri níbẹ̀ náà. Ilé náà dára: omi ń yọ, ògiri ga, wọ́n sì fi kọnkéré bo gbogbo àgbàlá, ejò ò lè ráyè. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Kò pẹ́ tí olùkọ́ ọmọ náà fi ránṣẹ́ pè mí. Ó ní kò lè jókòó jẹ́ẹ́ mọ́, ohun tí wọ́n bá kọ́ ọ láàárọ̀, ó ti gbàgbé kó tó dọ̀sán. Ilé ìwé kan náà ni o, olùkọ́ kan náà. Mo mú un lọ ṣàyẹ̀wò ojú, ojú ò ṣe é. A gba tísà lẹ́sìn tó ń wá kọ́ ọ nílé, ẹkún ló fi ń kí i káàbọ̀. Mo pe ìyá mi n'Íjẹ̀bú.

“Níbo ló ti ń ṣeré?” ni wọ́n bi mí.

“Pálọ̀ ni, Màámi. Ó ń wo tẹlifíṣàn.”

“Ọmọ tí ò rí ilẹ̀ tẹ̀, kí lẹ fẹ́ kó máa rò?”

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi. Nígbà tí èmi àtọmọ ń bọ̀ láti ọjà lọ́jọ́ Sátidé kan, mo ní kí oníkẹ̀kẹ́ gbé wa yà sí Edjeba. Bí ọmọ ṣe sọ̀ kalẹ̀ ló lóṣòó sínú pápá ẹ̀yìn ilé wa àtijọ́.

“Mummy, dem no dey jam each other?” Èèrà ló ń sọ, pé ṣé wọn kì í kọlu ara wọn ni.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó dá iṣẹ́ àmúrelé rẹ̀ ṣe. Ẹnu yà mí. A tún lọ ní Sátidé kejì. Nígbà tá a délé, ó sọ pẹ́ńsùlù mọ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ọkàn mi dàrú. Ọkọ mi ní kì í ṣe koríko, ọ̀rẹ́ tó fi sílẹ̀ ní Edjeba ni àárò rẹ̀ ń sọ ọ́. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ èmi, torí pápá yẹn nìkan ni mo ti ń jókòó tì í láìtẹ fóònù.

Ó ti ń jókòó díẹ̀ ní kíláàsì báyìí. Ọkọ mi ní ó ń dàgbà ni. Tísà lẹ́sìn ní iṣẹ́ ọwọ́ òun ni. N kò bá ẹnì kankan jiyàn, torí n kò mọ̀. Tí òjò bá ti dá lọ́jọ́ Sátidé, a kàn máa ń wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Edjeba ni.